Iye Tí A Pè, Iye Tí A San: Owó Ìkọ̀kọ̀ Nínú Ìwé Ọkọ̀ Rírà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ rírà. Wọn a ní iṣẹ́ onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ni, tàbí ti agbẹjọ́rò. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ìwé ni a fi ń ra ọkọ̀ lóde òní, kì í ṣe owó nìkan. Ìwé náà ní òǹkọ̀wé, ó ní òǹkàwé, ó ní ohun tí ó sọ síta, ó sì ní ohun tí ó gbé pamọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé àìkọsílẹ̀ kọ́ ni ó mú kí owó ìkọ̀kọ̀ tí àwọn oníṣòwò ọkọ̀ ń gbà pamọ́. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, àti ibi tí wọ́n fi í sí nínú ìtàn ọjà náà, ni ó bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìlànà tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba àti ìyá wa lórí iye ọjà. Ọlọ́jà á pe iye, oníbàárà á ná an. Àwọn méjèèjì ni wọ́n mọ̀ pé iye tí a kọ́kọ́ pè kì í ṣe iye tí a ó san. N kò ka èyí sí ẹ̀tàn, nítorí pé tọ̀túntòsì ni ó mọ òfin eré náà. Nígbà tí ọlọ́jà bá wí pé, "Ó dáa, mú owó wá," ìnájà ti parí nìyẹn. Bí ohunkóhun bá tún tẹ̀lé e, ọwọ́ olùrà ni ó ń bọ́ sí. Èènì ni a ń pè é: ẹ̀kúnwọ́ gàrí tí a bù lé orí kọ́ńgò, ata mẹ́ta tàbí tòmátò méjì tí a jù sínú agbọ̀n lẹ́yìn tí a ti wọn ọjà tán. Ọlọ́jà tí kò bá ní èènì lọ́wọ́, oníbàárà rẹ̀ á kùn lọ sílé.

N kò sọ pé ọjà wa mọ́ tónítóní o. Gbogbo wa ni a mọ kọ́ńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú, kí ó má baà gba iye tí ó yẹ kí ó gbà. Síbẹ̀síbẹ̀, ẹni tí ó lu kọ́ńgò mọ̀ pé òun ń rẹ́ni jẹ. Kò tẹ ìwé jáde kí ó sì pe kọ́ńgò lílù ní owó ìmúra ọjà. Ní ilé ìtajà ọkọ̀ ti òde òní, èènì ti yí padà bìrí: lẹ́yìn tí a bá ti fohùn ṣọ̀kan lórí iye, olùrà ni ó ń fún ọlọ́jà ní èènì.

Amẹ́ríkà ni mo ti mú àpẹẹrẹ mi àkọ́kọ́, nítorí pé òfin àti ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ níbẹ̀ débi pé a rí nǹkan kà, àti nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ń gbé ní Houston, ní Atlanta, ní Maryland, níbi tí ẹni tí kò ní ọkọ̀ kò ti rọrùn fún láti dé ibi iṣẹ́. Ní ọdún 1958, Mike Monroney, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà láti ìpínlẹ̀ Oklahoma, ṣe agbátẹrù òfin kan tí ó pàṣẹ pé kí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ máa lẹ ìwé mọ́ fèrèsé ọkọ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan. Ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ iye tí ilé iṣẹ́ dá lábàá, iye àwọn ohun àfikún tí a ti ilé iṣẹ́ fi sára ọkọ̀ náà, àti owó tí a fi gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò. Orúkọ ọkùnrin yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ṣì fi ń pe ìwé fèrèsé náà. Òfin dáradára ni. Àmọ́ iye tí ilé iṣẹ́ sọ ni ó tú síta. Kò dí oníṣòwò lọ́wọ́ láti fi tirẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí ìwé kejì fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́, èyí tí oníṣòwò fúnra rẹ̀ tẹ̀, tí àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi jọ ti òfin kí ojú má baà yà á sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin 1958 kò kan ọkọ̀ àlòkù rárá. Ìlànà tí Federal Trade Commission, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó òwò, gbé kalẹ̀ fún ọkọ̀ àlòkù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985. Ohun tí ó ní kí oníṣòwò kọ sí fèrèsé ni bóyá òun yóò ṣe àtúnṣe ọkọ̀ náà bí ó bá bàjẹ́, tàbí bí olùrà ti bá a ni yóò ti gbà á. Kò béèrè iye.

Àbúrò mi obìnrin kan, nọ́ọ̀sì ní Atlanta, fi àwòrán ìwé ọkọ̀ àlòkù kan ránṣẹ́ sí mi kí ó tó fọwọ́ sí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ ìwé kíkà, ẹ bá mi ka èyí." Iye tí wọ́n fi polówó ọkọ̀ náà jẹ́ dọ́là 18,900. Lábẹ́ rẹ̀ ni owó orí ti ìpínlẹ̀ wà, àti owó ìwé ẹ̀rí ìní, àti owó nọ́ńbà. Àwọn wọ̀nyí kò ní wàhálà: ìjọba ni ó ni wọ́n, oníṣòwò kàn ń bá ìjọba gbà wọ́n ni. Ṣùgbọ́n àárín wọn gan-an ni àwọn ìlà mẹ́rin mìíràn fara pamọ́ sí, bí àlejò tí ó bá mọ̀lẹ́bí wọ ilé ìyàwó: owó ìwé kíkọ, dọ́là 799, owó nọ́ńbà fífín sára gíláàsì, dọ́là 299, owó afẹ́fẹ́ náítírójìn inú táyà, dọ́là 199, owó ààbò ọ̀dà àti aṣọ àga, dọ́là 895. Àròpọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ dọ́là 2,192. Ó lé ní ìdá 11 nínú ìdá 100 iye tí wọ́n fi polówó.

Ẹ jẹ́ kí a tú wọn wò. Owó ìwé kíkọ ni owó tí oníṣòwò ń gbà nítorí pé ó kọ ìwé ọjà tí òun fúnra rẹ̀ tà. Ní ọdún 2025, òfin California kò gbà kí ó kọjá dọ́là 85, ti New York kò sì gbà kí ó kọjá dọ́là 175. Georgia àti Florida kò fi òdiwọ̀n sí i, ẹgbẹ̀rún dọ́là tàbí ohun tí ó sún mọ́ ọn kò sì ṣàjèjì ní Florida. Iṣẹ́ kan náà, irú ìwé kan náà. A lè rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ náà ni ó ń pinnu owó, bí kò ṣe ibi tí òfin gba oníṣòwò láyè dé. Fífín nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ sára gíláàsì lè dẹ́rù ba olè, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń ta ohun èlò tí ènìyàn lè fi ṣe é fúnra rẹ̀. Ní ti náítírójìn, nǹkan bí ìdá 78 nínú ìdá 100 afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú nínú gbọ̀ngàn yìí ni náítírójìn. Kò sí ẹni tí ó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ wá wo ibi tí àwọn ìlà yìí jókòó sí nínú ìtàn, nítorí níhìn-ín ni iṣẹ́ tèmi wà. Gbogbo ẹni tí ó ti kọ́ nípa àhunpọ̀ ìtàn mọ̀ pé ètò tí a fi tú ìsọfúnni sílẹ̀ lágbára ju ìsọfúnni náà lọ nígbà mìíràn. Olùrà á kọ́kọ́ pàdé iye kékeré nínú ìpolówó. Á wá sí ọgbà, á wa ọkọ̀ náà wò, ọmọ rẹ̀ á ti yan ibi tí òun yóò máa jókòó sí. Á ná ọjà pẹ̀lú ẹni kan, wọn á bọ ara wọn lọ́wọ́, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pé ìjà ti tán. Lẹ́yìn náà ni wọn á mú un wọ yàrá kejì, lọ́dọ̀ ẹlòmíràn tí kò bá a ná ọjà, níbi tí ìwé wà. Wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti kọjá. Bí wọ́n bá gbé àpapọ̀ owó náà sí ojú ewé kìn-ín-ní ni, òǹkàwé ì bá ti pa ìwé dé. Wọ́n gbé e sí orí ìkẹyìn, nígbà tí ó ti di ẹ̀dá ìtàn náà fúnra rẹ̀.

Ọgbọ́n mìíràn sì tún wà nínú yàrá yìí. Wọn kì í sọ̀rọ̀ iye ọkọ̀ mọ́, iye tí olùrà yóò máa san lóṣooṣù ni wọ́n ń sọ. Bí a bá pín dọ́là 2,192 sí oṣù 72, tí í ṣe ọdún mẹ́fà, ó di nǹkan bí ọgbọ̀n dọ́là lóṣù, kí a tó ka èlé mọ́ ọn. Ta ni yóò bá ènìyàn jà nítorí ọgbọ̀n dọ́là, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lórí tábìlì?

Mo dábàá ọ̀nà ìkàwé kan fún àbúrò mi. Àwọn ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn kì í ṣe gbólóhùn. Àpólà-orúkọ lásán ni wọ́n, wọn kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì fẹ́ràn irú rẹ̀, nítorí pé ó ní ọgbọ́n tí ó fi ń sọ àbọ̀ di olùwà, tí olùṣe á sì pòórá. Èdè wa kò ní ìhun yẹn. Yorùbá níláti wí pé wọ́n gba owó. Mo mọ̀ pé "wọ́n" náà lè di ibi ìsádi, gbogbo ẹni tí ó ti dé ọ́fíìsì ìjọba níhìn-ín ni ó ti gbọ́ "wọ́n ní kí ẹ san án." Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ó rí, "wọ́n" jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀, a sì lè béèrè pé, "Àwọn wo?" Nítorí náà mo ní kí ó sọ ìlà kọ̀ọ̀kan di odidi gbólóhùn Yorùbá: ta ni ó ṣe kí ni, fún ta ni, ta ni ó sì bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ náà? Ìlà àkọ́kọ́ di: "Mo kọ ìwé ọkọ̀ tí mo tà fún ọ, ìwọ ni kí o san owó ọwọ́ mi." Ìlà kẹta di: "Mo fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú táyà kí o tó dé, o jẹ mí ní dọ́là 199." Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó padà sọ́dọ̀ wọn, ó béèrè èyí tí òfin fi dandan gbà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n yọ ààbò ọ̀dà àti náítírójìn kúrò, dọ́là 1,094. Wọ́n ní àwọn kò lè yọ méjì yòókù, nítorí pé gbogbo oníbàárà ni ó ń san án, gíláàsì sì ti di fífín. Dọ́là 1,098 ṣẹ́ kù lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn kan yóò wí pé bí oníṣòwò kan bá ń rẹ́ni jẹ, kí a lọ sọ́dọ̀ olóòótọ́, ọjà yóò sì tún ara rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Olóòótọ́ tí ó bá kọ dọ́là 21,092 sínú ìpolówó yóò dà bí ọ̀wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tí ó kọ 18,900, bẹ́ẹ̀ ọjà kan náà ni wọ́n ń tà. Xavier Gabaix àti David Laibson tún ṣe àlàyé kan ní ọdún 2006 tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ: bí olóòótọ́ bá tilẹ̀ náwó láti la àwọn oníbàárà lójú, àwọn tí ojú wọn là lè padà sọ́dọ̀ ẹlẹ́tàn, kí wọ́n ra ọjà rẹ̀ ní iye kékeré, kí wọ́n sì yẹra fún àfikún. Ẹlẹ́tàn ni ó tún jèrè oníbàárà tí olóòótọ́ kọ́ lọ́gbọ́n.

Ta ni ẹrù náà ń wọ̀ lọ́rùn jù? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ian Ayres, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin, rán àwọn ènìyàn lọ sí ilé ìtajà ọkọ̀ ní agbègbè Chicago, ó sì kọ àbájáde rẹ̀ ní 1991. Òun àti Peter Siegelman tún gbé èyí tí ó gbòòrò sí i jáde ní 1995. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn fi ná ọjà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ́ wọn láti sọ. Iye ìkẹyìn tí wọ́n pè fún àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú fi ohun tí ó lé ní dọ́là 1,000 ju ti àwọn ọkùnrin aláwọ̀ funfun lọ. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2022, ilé iṣẹ́ ńlá kan tí ń ta ọkọ̀ ní Illinois àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn gbà láti san mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là láti parí ẹjọ́ tí àjọ ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ Illinois pè é. Ẹ̀sùn náà ni pé wọ́n ń ki àfikún tí oníbàárà kò béèrè bọ inú ìwé, àti pé àwọn oníbàárà dúdú ń san nǹkan bí dọ́là 99 ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ lórí irú àfikún kan náà, àti dọ́là 190 lé e lórí èlé. Ibi tí iye kò bá ti dúró lójú kan, ojú ẹni tí ó wọlé ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pè é.

Ìjọba Amẹ́ríkà gbìyànjú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, ọdún 2023, Federal Trade Commission kéde ìlànà tuntun: kí oníṣòwò máa sọ odidi iye tí olùrà yóò san, yàtọ̀ sí owó ìjọba, kí ó má ta àfikún tí kò wúlò, kí ó gba àṣẹ olùrà kedere kí ó tó gba owó kankan. Ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, ọdún 2024. Àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tí ó wà ní New Orleans sì fagi lé e ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025. Ìdí tí ilé ẹjọ́ náà fi lélẹ̀ ni pé àjọ náà fo ìgbésẹ̀ kan: kò kọ́kọ́ kéde fún ará ìlú pé òun ń gbèrò irú ìlànà bẹ́ẹ̀. California wá ṣe òfin tirẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, wọ́n sì dá ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2026, fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó fún ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ àlòkù tí iye rẹ̀ kò ju dọ́là 50,000 lọ ní ọjọ́ mẹ́ta láti dá a padà.

Ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, ibi mìíràn ni ọ̀bẹ gbà wọlé. Àwìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ra ọkọ̀ níbẹ̀, oníṣòwò ọkọ̀ sì ni ó ń bá wọn wá ẹni tí yóò yá wọn lówó. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oníṣòwò lè fúnra rẹ̀ gbé èlé náà sókè, bí èlé bá sì ti ga tó ni owó alágbàtà tirẹ̀ ti ń pọ̀ tó. Àjọ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó fòfin de èyí ní ọjọ́ 28 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2021. Ẹjọ́ àwọn olùrà mẹ́ta dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, ìdájọ́ sì jáde ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ, ọdún 2025. Méjì kò rí ìdáre. Ẹnì kẹta jàre lábẹ́ òfin àwìn ti ọdún 1974, nítorí pé owó tí ayánilówó fún oníṣòwò ní ìkọ̀kọ̀ jẹ́ ìdá 25 nínú ìdá 100 owó tí wọ́n yá ọkùnrin náà, ó sì jẹ́ ìdá 55 nínú ìdá 100 gbogbo ohun tí ó ná an láti yá a. Ìwé tí wọ́n fún un jẹ́ kí ó rò pé oníṣòwò wo ọ̀pọ̀ ayánilówó kí ó tó yan èyí tí ó dára fún un, bẹ́ẹ̀ àdéhùn wà tẹ́lẹ̀ pé ayánilówó kan ni yóò kọ́kọ́ gbé e lọ bá. Àwa onílítíréṣọ̀ mọ irú asọ̀tàn bẹ́ẹ̀ dáadáa: ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò ní àǹfààní kankan nínú ìtàn náà.

Nílé wa ńkọ́? Níhìn-ín, ẹnu ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìwé. Ẹni tí ó bá lọ ra tòkunbọ̀ sábà máa ń bá alágbàtà pàdé kí ó tó bá ẹni tí ó ni ọkọ̀ pàdé. Alágbàtà á gbé iye tirẹ̀ lé iye olówó ọkọ̀, olùrà kò ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni owó tí a fi sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2017, ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé, tí ó fi jẹ́ pé ọkọ̀ tí ó gba ọ̀nà ẹgàn láti Kùtọnu wọlé lẹ́yìn ìgbà náà kò ní ojúlówó ìwé aṣọ́bodè. Oníṣòwò á ní, "Ìwé rẹ̀ pé." Ní òpin oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2019, àwọn aṣọ́bodè ti ọ̀pọ̀ ọgbà ìtajà ọkọ̀ pa káàkiri orílẹ̀-èdè yìí nítorí owó ibodè tí wọ́n ní a kò san. Ẹni tí ó ti ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè pàdé wọn lójú ọ̀nà, nígbà tí ẹni tí ó tà á fún un kò ní gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Òfin wà. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, sọ ní abala 115 pé olùtajà gbọ́dọ̀ fi iye ọjà hàn, àti pé a kò gbọ́dọ̀ gba ohun tí ó ju iye tí a fi hàn lọ lọ́wọ́ oníbàárà. Ẹ rìn kọjá níwájú àwọn ọgbà ìtajà ọkọ̀ ní ọ̀nà ilé yín lónìí, kí ẹ ka iye ọkọ̀ tí a kọ iye sí lára.

Mo gbà pé iṣẹ́ kan wà fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé ojú ewé kan ṣoṣo ni, ní èdè Yorùbá, tí olùrà lè mú dání lọ sí ọgbà ọkọ̀, ìbá à jẹ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Atlanta. Òpó mẹ́rin ni kí ó ní: orúkọ owó, ẹni tí ó gbà á, iṣẹ́ tí ó ṣe fún un, àti bóyá olùrà lè kọ̀ ọ́. Nísàlẹ̀ ni kí ìbéèrè kan wà tí oníṣòwò yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáhùn pẹ̀lú iye, kí a tó gbé ọkọ̀ jáde fún ìdánwò rárá: èló ni gbogbo owó tí yóò kúrò lọ́wọ́ mi, láti òní títí di ọjọ́ tí n kò ní jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ mọ́ lórí ọkọ̀ yìí? A kò níláti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun púpọ̀ fún un. Àwìn, èlé, àsansílẹ̀, alágbàtà, onídùúró, owó ibodè: gbogbo wọn ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ìtumọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní sáà yìí, mo sì ti fi ẹ̀dà ìwé àbúrò mi sí ọ́fíìsì ẹ̀ka wa, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti pa orúkọ rẹ̀ àti ti ilé ìtajà náà rẹ́.